Orúkọ Kẹjọ Tí Mo Fò

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí bàbá mi ń ta àwọ̀n àti okùn ìpẹja lẹ́bàá ọ̀sà Àgbádárìgì, ogun abẹ́lé ti parí bí ọdún márùn-ún. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ má bi mí léèrè ọjọ́ orí mi o. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo ti lè ka ìwé Yorùbá geere nígbà náà, n kò sì tíì mọ bí a ṣe ń panu mọ́.

Àsìkò náà ni owó epo rọ̀bì ń wọlé fún ìjọba. Wọ́n ń la ọ̀nà márosẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ariwo ọkọ̀ tí ń kó síméńtì kò sì jẹ́ kí á gbádùn etí wa. Nínú síméńtì yẹn ni káńsù ti bù, tí wọ́n fi mọ òpó kan sí àárín pápá, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun. Lọ́dọọdún, nínú ọyẹ́ oṣù kìn-ín-ní, gbogbo ìlú a péjọ síbẹ̀ láti ṣe àjọ̀dún òpin ogun. Àwa ọmọdé ń pè é ní ọjọ́ ìṣẹ́gun. Ọ̀gá ilé ìwé wa a ní kò sí ẹni tó ṣẹ́gun ẹnì kan, pé ọmọ ìyá ló bá ọmọ ìyá jà. Àwa a ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” a ó sì tún máa pè é ní ọjọ́ ìṣẹ́gun wa lọ.

Àwọn tó ti ogun bọ̀ a kọ́kọ́ yan kọjá nínú oòrùn, àwa ọmọ ilé ìwé a tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ka orúkọ àwọn ọmọ ìlú àti ìletò tí kò padà wálé. Bí wọ́n bá ti pe orúkọ kan, obìnrin kan láti ilé ẹni náà, ìyá rẹ̀ ni o tàbí ìyàwó rẹ̀, á jáde, á gbé òdòdó sí ìdí òpó funfun yẹn, á sì padà sí àyè rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n fún àwọn tí kò rí òkú sin, ìsìnkú nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n bá ti pe orúkọ tán ni wọ́n tó ń wọ aṣọ ọ̀fọ̀, ìgbà náà ni opó sì tó mọ̀ pé opó ni òun.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, èmi ni wọ́n ní kí n ka orúkọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé káńsù tó kà á lọ́dún tó ṣáájú, àlejò ni, ó ba orúkọ àwọn Ẹ̀gùn jẹ́ débi pé ìyá kan kò mọ̀ pé ọmọ òun ni wọ́n ń pè. Ọ̀gá ilé ìwé wa wá ní òun ní ọmọbìnrin kan, ọmọ oníṣòwò Mùsùlùmí, tí ẹnu rẹ̀ gba Yorùbá, tó sì gba Ẹ̀gùn. Háà, orí mi wú! Mo ń rìn bí ẹni tí wọ́n fi jẹ ọba. Mo ka ìwé orúkọ yẹn sókè nínú ilé títí ìyá mi fi ní bí n kò bá dákẹ́, òun á fi ìwé náà dáná.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé mo mọ ẹni tó jẹ́ ìkẹjọ nínú orúkọ náà.

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wa àti ilé màmá kan tí ń yan ẹja. Ará Ajídò ni, Ẹ̀gùn pọ́nńbélé. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí ló lọ sógun. Oṣù méjì péré ni ọmọ náà fi gbé ìyàwó sílé kó tó lọ. Ìwé méjì ló kọ wálé, ẹ̀kẹta kò dé. Nígbà tí ogun parí, wọ́n ní wọn kò rí i láàárín àwọn alààyè, wọn kò sì rí i láàárín òkú. Ọdún márùn-ún gbáko ni ìyàwó rẹ̀ fi ń bá ìyá ọkọ kó igi sábẹ́ ẹja. Àǹtí Ìyàwó ni àwa ọmọdé ń pè é, ọmọ Gbẹ̀rẹ̀fú ni, ní òdìkejì ọ̀sà. Wọ́n ní gbẹ́nàgbẹ́nà kan níbẹ̀ tí ń kan ọkọ̀ ojú omi fẹ́ fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ìyàwó ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò sọ pé ó ti kú? Kì í ṣe opó, kì í ṣe adélébọ̀. Ó wà níbẹ̀ ṣáá ni.

Lọ́dún yẹn ni àwọn ológun wá fi orúkọ ọmọ náà mọ́ àwọn òkú.

Bí màmá yìí ti gbọ́ pé èmi ni n óò ka orúkọ, ó pè mí sí ìdí ààrò rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹja kò jóná lọ́wọ́ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó ń jóná, kò tilẹ̀ wò ó.

Ó ní, “Tíṣà kékeré, wọ́n ní orúkọ ọmọ mi wà nínú ìwé ọwọ́ rẹ.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ìkẹjọ ni.”

Ó ní, “Fò ó. Bí wọ́n bá mú irun orí rẹ̀ wá fún mi, màá sin ín. Bí wọ́n bá mú èékánná rẹ̀ wá, màá sin ín. Wọn kò mú nǹkan kan wá. Ìwé lásán ni wọ́n fẹ́ fi pa ọmọ mi.”

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n, bí ẹni kan bá kú sí ìdálẹ̀, tí òkú rẹ̀ kò ṣe é gbé, irun àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń mú wálé fún àwọn ẹbí. Àwọn obìnrin àdúgbò ti sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, pé “ọmọ mi kú” sàn ju “ọmọ mi nù” lọ. Ó dá wọn lóhùn pé kí ẹni tí ọmọ tirẹ̀ kú wá sọ ọ́ fún òun.

Ó ní kí n búra. Mo ní, “Wàlláì, n kò ní pè é.” Ó pe Máwù, ìyẹn Ọlọ́run ní èdè wọn, ó fi ọwọ́ tó gbóná pa mí lórí. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú mi sì dùn pé àgbàlagbà ń bẹ̀ mí. Ẹ wo ìwà ọmọdé!

Ọjọ́ kejì ọ̀rọ̀ yẹn, tí àjọ̀dún ku ọ̀la, mo rí Àǹtí Ìyàwó tó ń sá aṣọ dúdú kan sórí okùn. Titun ni. Ó rọra súnmọ́ ògiri.

“Orúkọ mélòó ni ẹ ó pè kí ẹ tó kan tiwa?” Ó fi ẹ bá mi sọ̀rọ̀, èmi ọmọdé, nítorí ìwé orúkọ tó wà lọ́wọ́ mi.

Mo ní, “Méje, Àǹtí.”

Ó fi ìka ka méje, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, “Mi ò fẹ́ kí ẹsẹ̀ mi gbọ̀n. Bí ẹ bá ti pè é tán báyìí, èmi náà á mọ ibi tí mo wà láyé yìí.”

Ó yẹ kí n sọ fún un. N kò sọ ọ́. Mo ti búra, ẹ̀rù ìbúra sì ń bà mí ju ẹ̀rù ènìyàn lọ.

Ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́ pẹ̀lú ọyẹ́. Ètè wa gbẹ, eruku bo òpó funfun. Alága káńsù sọ̀rọ̀ pẹ́, àwọn jagunjagun àtijọ́ yan kọjá, wọ́n wá gbé mi sórí àpótí kí wọ́n lè rí mi. Mo bẹ̀rẹ̀. Èkíní, èkejì, ẹ̀kẹta. Bí mo ti ń pè ni àwọn obìnrin ń jáde. Ẹnikẹ́ni kò ṣi orúkọ ẹni tirẹ̀ gbọ́. Mo pe ìkeje. Mo gbé ojú sókè, mo rí Àǹtí Ìyàwó nínú aṣọ dúdú. Ó ti ń kà á. Bí obìnrin keje ti gbé òdòdó kalẹ̀ ni òun gbé ẹsẹ̀.

Mo pe ìkẹsàn-án.

Ṣé ẹ rí i, ó ti dé àárín pápá. Obìnrin tí orúkọ ìkẹsàn-án jẹ́ tirẹ̀ náà jáde. Àwọn méjèèjì dúró níwájú òpó, wọ́n ń wo ara wọn. Ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé káńsù ní, “Màdáámù, ẹ padà, wọn ò tíì pè yín.” Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Àǹtí Ìyàwó kò padà, kò sì lọ síwájú. Ó kàn gbé ojú sókè, ó wò mí. Èmi náà wo ìwé. Ojú tì mí, ilẹ̀ kò sì lanu kí n wọlé. Mo fẹ́ pè é nígbà náà, Ọlọ́run gbọ́, ṣùgbọ́n mo rántí ìbúra mi.

Ibẹ̀ ni a ti gbọ́ ohùn kan láti abẹ́ igi fúrúùtù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Màmá ẹlẹ́ja ni. Ó ti ní òun kò ní wá. Ó wá, ó ró aṣọ ìdí ààrò, eérú ṣì wà ní apá rẹ̀. Ó rìn wọ inú pápá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó sì pe orúkọ ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà lódìkejì ọ̀sà.

Ó wá yíjú sí akọ̀wé. Ó ní, “Mo ti pè é. Ọmọ mi ni, ó ti kú. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ gbé òdòdó rẹ̀ kalẹ̀.”

Àǹtí Ìyàwó gbé e kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, kì í ṣe fún òpó, fún ìyá ọkọ rẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì sunkún níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé kí wọ́n kúrò. Èmi náà sunkún lórí àpótí mi, ọ̀gá ilé ìwé ló ka ìyókù.

Mo rò pé wọ́n á nà mí. Màmá pè mí ní ìrọ̀lẹ́, ó fún mi ní ẹja. Ó ní, “Èmi ni mo dè ọ́ lẹ́nu. Mo rò pé ọmọ mi nìkan ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.” Aṣọ ọmọ rẹ̀ kan ni wọ́n fi rọ́pò irun àti èékánná, wọ́n sì sin ín sẹ́yìnkùlé. Ní ti Àǹtí Ìyàwó, oṣù kan ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀, kò sì jẹ̀bi. Ó ṣe opó rẹ̀ tán, ó sọdá sí Gbẹ̀rẹ̀fú, ó fẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ̀. Nígbà tó bímọ, ìyá ọkọ àárọ̀ ló wọ ọkọ̀ lọ wẹ ọmọ náà fún un. Àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ títí ó fi sú wọn.

Lọ́dún kejì, wọ́n tún fún mi ní ìwé orúkọ. Mo pe ìkẹjọ ní ohùn tó dé òkè. Ìyá náà ló jáde fúnra rẹ̀. Bó ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí mi, ó ní, “O pè é dáadáa.”

Ilé ìtajà ló kún pápá yẹn báyìí. Wọ́n ṣì ń ṣe àjọ̀dún náà níwájú ọ́fíìsì káńsù. Àgọ́ wà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà, àwọn ọmọ ń ya fọ́tò. Kò burú. Ṣùgbọ́n wọn kì í ka orúkọ mọ́. Wọ́n á ní “gbogbo àwọn akọni wa,” wọ́n á sì jókòó. Ọmọ aládùúgbò mi kan lọ jagun ní Òkè Ọya, kò tíì bọ̀. Lọ́dún yìí, ìyá rẹ̀ dúró ní ẹ̀yìn àgọ́ pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́ títí wọ́n fi kó àga tán, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún un pé ó ti kàn án.