Ọmọ Ògòtún Inú Orin

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Èkìtì kúrò lára Òndó, gbogbo ẹni tó bá ti lè lu nǹkan kó sì yanu kọrin ni ìjọba tuntun ń wá kiri láti fi àmì-ẹ̀yẹ dá lọ́lá. Bí wọ́n ṣe kan bàbá mi nìyẹn. Bàbá wo? Ọkùnrin tó gbé agídìgbo kọ́ èjìká nígbà tí mo ṣì wà ní pírámárì, tó ní òun ń lọ kọrin ní Òmùò, tí kò wálé mọ́! Kò sí ìlú tí kò ti jẹun, àfi ilé wa. Wọ́n wá ń pè é ní akéwì ńlá. Ọ̀lẹ ni.

Màmá mi ló ń dùn mí. Ẹní ló ń hun tó fi rán mi níwèé títí mo fi di tíṣà ní Ìkẹ́rẹ́. Bó bá sì ti ń hun ún, orin ọkùnrin yẹn náà ni yóò máa kọ: "Ọmọ Ògòtún, ẹ̀rín rẹ ló jẹ́ kí n ṣìnà oko." Òun lọmọ Ògòtún. Ó ní ìgbà tó ń fẹ́ òun ló kọ ọ́, pé ẹnikẹ́ni ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ òun. Inú á bí mi. "Màmá, ọkùnrin tí ò fi ọṣẹ ìfọṣọ kan ránṣẹ́, ẹ tún ń kọrin rẹ̀!"

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yẹ́ ẹ sí ní gbọ̀ngàn ìlú, mo ní a ò ní í lọ. Màmá ti ra gèlè.

"Wọ́n á bi í pé ta lobìnrin inú orin náà. Ṣé kí n wà nílé ni?"

Mo pòṣé, mo tẹ̀lé e. Iwájú pátápátá ló ní ká jókòó sí.

Bàbá arúgbó náà dé nínú agbádá tí ìjọba dá fún un, ó ń yan bí ẹni pé òun ló dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀. Ó kọrin díẹ̀, ó wá sọ̀kalẹ̀ wá kí àwọn ìyá tó wà níwájú. Ó bi ẹni àkọ́kọ́ pé, "Màmá, ìlú wo lẹ ti wá?" Ìyá yẹn ní Òmùò. Ló bá bẹ̀rẹ̀: "Ọmọ Òmùò, ẹ̀rín rẹ ló jẹ́ kí n ṣìnà oko." Gbogbo èèyàn hó yèè. Ẹnì kejì ní Ìrò lòun ti wá. Ọmọ Ìrò náà tún mú un ṣìnà. Oníjìbìtì! Orin kan ṣoṣo ló ń pín ká gbogbo Èkìtì.

Mi ò lè wo ojú màmá mi. Ó ti di ọwọ́ mi mú, ó ń fún un.

Ọkùnrin náà dé ọ̀dọ̀ wa, ó tẹríba díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò dá màmá mi mọ̀.

"Màmá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ńkọ́, ìlú wo lẹ ti wá?"

Màmá mi gbójú sókè, ó wò ó dáadáa.

"Ẹ ò dé ibẹ̀ rí, bàbá."