Ẹni Tó Ń Dúró Lẹ́yìn

Ìwúwo kì í parọ́ fún alágbàrù. Ọkùnrin tí gbogbo ìjọ ń pè ní Agbénró yìí, àpò ìyẹ̀fun ló ń rù láti ìdí ọkọ̀ wọ sító láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé. Nítorí èjìká rẹ̀ tó gbòòrò ni pásítọ̀ ṣe yan iṣẹ́ mìíràn fún un lọ́jọ́ Ìsinmi: bí wọ́n bá gbọ́wọ́ lé èèyàn lórí, òun ló máa dúró lẹ́yìn onítọ̀hún, kó lè gbá a mú bó bá ṣubú.

Ó gbádùn iṣẹ́ náà, ká má tan ara wa. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ti mọ ohun kan tí ẹnu rẹ̀ ò gbọdọ̀ sọ. Ẹni tó bá dákú lóòótọ́ máa ń wúwo. Àwọn tí òun ń gbá mú yìí, fífúyẹ́ ni wọ́n ń fúyẹ́. Orúnkún wọn á kọ́kọ́ tẹ̀, wọ́n á sì bojú wẹ̀yìn wò bóyá ó ti dé ibẹ̀. Ìyá àgbà kan tilẹ̀ sọ ọ́ sí i létí pé, "Rọra o, eegun ìdí ń dùn mí." Agbénró rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ta ni òun, tí yóò máa wọn Ẹ̀mí Mímọ́ bí ẹni wọn ìyẹ̀fun?

Ìgbà tó kan ilé rẹ̀ ni ẹ̀rù wá bà á. Àtọ̀gbẹ ń ṣe ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ ló sì ń gbé e dúró. Pásítọ̀ ní abẹ́rẹ́ àti ìgbàgbọ́ kì í gbé inú ilé kan. Lọ́jọ́rú, ìyàwó Agbénró kó gbogbo oògùn náà lọ sórí pẹpẹ. Ọkọ rí i, ó yà fún un lọ́nà. Bí òun bá ní "rárá," tí ọmọ bá kú, wọ́n á ní àìgbàgbọ́ òun ló pa á. Bí òun bá sì dákẹ́, tó kú, ta ló pa á nìyẹn? Oorun dá lójú rẹ̀. Ọmọ ń mu omi ṣáá, ara rẹ̀ ń joro. Ìyá ní àìsàn ló ń jáde lọ yẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n mú ọmọ wá síwájú. Pásítọ̀ ò tíì gbọ́wọ́ lé e tán tí ọmọ fi ṣubú. Agbénró gbá a mú. Orúnkún ọmọ náà kò kọ́kọ́ tẹ̀. Ọmọ tó ti gbẹ bíi ìgbálẹ̀ yìí wúwo lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ju gbogbo àpò tó ti rù rí lọ. Ìjọ hó yèè, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

"Tẹ́ ẹ sílẹ̀," ni pásítọ̀ wí. "Ẹ̀mí ló ń ṣiṣẹ́."

"Kì í ṣe Ẹ̀mí, sà. Ọmọ mi ti dákú."

"Bí o bá gbé e jáde, ọwọ́ Ọlọ́run ti kúrò lórí ilé rẹ nìyẹn."

Agbénró gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ibẹ̀ ló ti burú. Ó gbà pé òrùlé lè wó lu òun kí òun tó dé ẹnu ọ̀nà. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: ó gbé ọmọ kọ́ èjìká, ó ń gbọ̀n, ó ń rìn, ó ń bẹ Ọlọ́run kó má tíì bínú, kó jẹ́ kí àwọn dé ọsibítù ná.

Nọ́ọ̀sì bi í pé ìgbà wo lọmọ gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn. Ó sọ ọ́, ojú tì í. Nígbà tí wọ́n ń tọ́jú ọmọ lọ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ sáré dé, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi, tí Ọlọ́run bá ti fi wá sílẹ̀ ńkọ́?"

Agbénró fẹ́ gbàdúrà, ṣùgbọ́n gbogbo àdúrà tó mọ̀, ohùn pásítọ̀ ló ń gbọ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀rù ìyẹn tún wá ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ó di ìrọ̀lẹ́ kí ọmọ tó lajú.

"Bàbá mi, ṣé Ọlọ́run ń bínú sí wa ni?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi." Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé e dìde díẹ̀. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo wà lẹ́yìn rẹ."

Ọmọ náà bojú wẹ̀yìn wò ó, ó wá fara tì í. Ó ti fúyẹ́.