Pósí Òfìfo Lọ́nà Ilé Wa

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú fo àṣìṣe mi. N kò kàwé jìnnà, ìwọ̀nba tí mo sì kà, ojú fèrèsé ni mo ti kà á, torí kíláàsì wa kún débi pé ìta ni àwa tí a bá pẹ́ dé ń dúró sí, tí a ó máa na ọrùn wo pátákó. Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, ló kọ́ mi ní kíkọ Yorùbá nínú ilé. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu ni mo ṣe kọ ọ́ síbí. Ẹnu gan-an, n kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìró kan ló mú mi kọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń ká aṣọ gbígbẹ kọ́ sórí ọ̀pá ọparun tó wà nínú yàrá Ìyá Àgbà ni mo gbọ́ ọ: irin bíríkìlà lára búlọ́ọ̀kù, kà, kà, kà. Gbogbo ẹni tó bá ń gbé Nima, ní Accra níbí, ló mọ ìró yìí. Ẹnì kan tún ń kọ́ yàrá síbi tí àyè yàrá kò sí nìyẹn. A ti gbọ́ ọ títí, kì í tilẹ̀ dí oorun wa lọ́wọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ti ọ̀tẹ̀ yìí, mo mọ ibi tó ti ń wá. Kọ́nà ni, ibi tí igi dóńgóyárò wà tẹ́lẹ̀, níbi tí Bàbá Àgbà ti máa ń yí pósí.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí kò mọ̀ pé agbo ilé wa ní àgbàlá rí. Àgbàlá tó ṣeé sáré ní ni. Àtáà Kwei, àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọmọ Gà, àwọn tó ni Accra, ló ni ilé náà, àwa jẹ́ ayálégbé rẹ̀. Àwọn yàrá tò yí àgbàlá náà ká bí eyín ṣe tò sẹ́nu, igi dóńgóyárò wà láàárín, ẹ̀rọ omi sì wà lábẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀, èéfín kẹ́ńkẹ́ tí Àǹtí Dédé, ọmọ Gà tí a jọ ń gbélé, ń fi àgbàdo sè á pàdé òórùn ọṣẹ dúdú tí Ìyá Àgbà ń gé fún títà, títí di òní, tí mo bá gbóòórùn ọ̀kan, imú mi á máa wá èkejì. Láti ẹnu ọ̀nà wa dé títì, ọ̀nà kan ló wà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ṣẹ́ kọ́nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi yẹn.

Bàbá Àgbà ń ta mílíìkì, ṣúgà àti sàdíìnì nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan létí títì. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ẹni tó bá dé láti ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń sùn. Àwọn tí kì í ṣe ará ilé pàápàá ń sùn níbẹ̀, àwọn ọmọ òkè àríwá tí wọ́n wá ru ẹrù lọ́jà, àwọn ẹ̀yà Ewé, ẹnikẹ́ni tí òjò bá ká mọ́ títì. "Àyè ń bẹ," ni yóò wí, "ẹ sún mọ́ra." Ìyá Àgbà á pòṣé. "Àyè ń bẹ, àyè ń bẹ. Ṣé ẹ̀yìn mi ni wọ́n máa sùn lé?" Bàbá Àgbà á wò ó títí, á ní, "Ìyá Mòrúfù, ẹ̀yìn rẹ fẹ̀ o. Á gba méjì."

Ó ní ohun kan tí Bàbá Àgbà máa ń ṣe lọ́dọọdún, tí ààwẹ̀ bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta á lọ gbé pósí mọ́sálásí wa wá. Kì í ṣe pósí tí wọ́n ń sin mọ́ òkú. Igi gígùn méjì ni tiwa, tí wọ́n kan pákó mọ́ láàárín. Òun ni a fi ń gbé òkú dé ibojì, a ó sì dá a padà. Òfìfo ni wọ́n máa ń gbé e wá sílé. Ìyá Àgbà á gbé abọ́ omi kan lé e láàárín. Wọ́n á gbé e lé èjìká lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n á máa rìn lọ sí títì, Bàbá Àgbà á wà níwájú, á máa ké pé, "Àgò lọ́nà o! Àgò!" Àwọn Gà á dá a lóhùn láti inú yàrá: "Amee!" Kó máa bọ̀ ni wọ́n ń wí.

Ibi tí omi bá ti dà, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti há. Ẹni tó bá ni dúrọ́ọ̀mù tàbí àpótí adìẹ tó dí i, á gbé e kúrò lójú ẹsẹ̀. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bá a jiyàn rí.

Èmi àti Náà, ọmọ ọmọ Àtáà Kwei, la máa ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Náà lọ̀rẹ́ mi. Ó máa ń sọ̀rọ̀ fún àwa méjèèjì, torí náà n kò mọ̀ pé ojú ń tì mí títí ó fi lọ. Àtáà Kwei á jókòó sórí àga rẹ̀, á bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà tó ń bi wọ́n lọ́dọọdún: "Alata, ta ló kú?" Alata ni àwọn Gà ń pe àwa Yorùbá. Bàbá Àgbà á ní, "Kò tíì sẹ́ni tó kú. Ọ̀nà là ń bẹ̀ wò, kó má baà kú." Lọ́dún kan, omi dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò Àǹtí Dédé. Ó sún ìkòkò, omi tún dà. Ó sún ààrò, omi tún dà. Bàbá Àgbà ní, "Dédé, kì í ṣe ìkòkò, ìdí rẹ ni." Àǹtí Dédé mú ìgbákọ kẹ́ńkẹ́ sáré tẹ̀ lé wọn, ó ń pariwo pé, "Alata burúkú! Ìdí mi ti wà níbí kí o tó dé!" Gbogbo agbo ilé rẹ́rìn-ín títí pósí fi ń gbọ̀n lórí èjìká wọn.

Nígbà tí Àtáà Kwei kú, àwọn ọmọ rẹ̀ pín àgbàlá. Kíósìkì kan ló kọ́kọ́ dé abẹ́ igi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé igi. Yàrá dé, yàrá bí yàrá, wọ́n gun orí ara wọn lókè, wọ́n yọ àtẹ̀gùn síta bí ahọ́n. Gbogbo ènìyàn ló ń wá sí Accra, gbogbo wọn ló sì fẹ́ ibi tó sún mọ́ iṣẹ́. Wọ́n fi yàrá ìyá Náà pàápàá háyà fún àlejò, àwọn ẹbí rẹ̀ kó lọ sí Kasoa lẹ́yìn ìlú, wọ́n ní ibẹ̀ ni àyè wà báyìí. Ọmọ onílé kò rí ilé gbé. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan ní oríta ńlá tí wọ́n ń pè ní Circle, níbi tí mo ti ń ta ọṣẹ. Inú tirótiró, bọ́ọ̀sì akérò, tó kún bámú ló wà, ó ń sọ̀rọ̀ sí mi lójú fèrèsé. Ẹnu rẹ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ nǹkan kan, ọkọ̀ sì gbé e lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá Àgbà kú tán. Orúnkún rẹ̀ náà kò gba pósí mọ́. Ó wá gé ọparun kan tí gígùn rẹ̀ bá ti pósí dọ́gba, òun nìkan gbé e lé èjìká lọ́dún yẹn. "Àgò lọ́nà o!" Kò sẹ́ni tó dáhùn àfi Àǹtí Dédé. Obìnrin kan yọjú láti òkè, ó rò pé ọ̀pá èríàlì tẹlifíṣọ̀n ló ń gbé, ó bẹ̀ ẹ́ kó bá òun na tòun náà. Bàbá Àgbà dúró, ó sì bá a na án. Ìyá Àgbà bínú títí di ọjọ́ kejì.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Bàbá Àgbà kú. Àwọn ọkùnrin mọ́sálásí gbé pósí dé, pósí kò lè yí ní kọ́nà. Wọ́n tì í síwájú, wọ́n fà á sẹ́yìn, wọ́n gbé e dúró lóòró, kò lọ. Ẹni tó ń bẹ ọ̀nà wò fún gbogbo ènìyàn, ọ̀nà kò gbà á. Wọ́n fi ẹní wé e, wọ́n dì í mú lórí àti lẹ́sẹ̀ bí àpò ìrẹsì, wọ́n gbé e gba inú yàrá obìnrin kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ já síta. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń wo tẹlifíṣọ̀n. Obìnrin náà sáré pa á, ó kó ìkòkò kúrò nílẹ̀, ó ń sọ pé ká má bínú. Kò ṣe ohun kan sí wa. Ẹ̀yìn ni Ìyá Àgbà ń bọ̀, ó sì rí gbogbo rẹ̀.

Lásísì ló ń mọ yàrá ní kọ́nà báyìí. Kò sí ẹni tó sùn pẹ́ lọ́dẹ̀dẹ̀ Bàbá Àgbà bíi tirẹ̀. Ọbẹ̀ Ìyá Àgbà ló jẹ títí tó fi dẹni tó ní ọkọ̀. Nígbà tí Ìyá Àgbà gbọ́ ìró irin, ó rán mi sí i. Mo dúró tì í pẹ́ kó tó rí mi.

"Àbúrò, ṣé wọ́n rán ọ wá wo búlọ́ọ̀kù mi ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, Ìyá Àgbà ní kí n bi yín, ibo ni wọ́n máa gbà gbé òun jáde?"

"Gbé wọn lọ síbo? Ṣé ara wọn kò yá ni?"

"Ara wọn yá."

Ó gbé irin sílẹ̀. "Àbúrò, ìyàwó mi tún ti lóyún. Orí tábìlì ni àkọ́bí mi ń sùn. Alààyè kò rí ibi na ẹsẹ̀, ẹ ń bá mi sọ̀rọ̀ ẹni tí kò tíì kú. Bá mi kí Ìyá. Ní wọ́n á pẹ́ fún wa."

Òótọ́ ló sọ, òun gan-an ló ń dùn mí. Ká ní ìkà ni, ǹ bá kórìíra rẹ̀, ara ì bá sì tù mí.

Mo jíṣẹ́. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ pa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì títí.

"Ó ní kí n pẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó ṣeun." Ó wá ní, "Tó o bá lọ sọ́jà lọ́la, bá mi ra ẹní bọ̀. Èyí tó ki ni kó o rà. Ti Bàbá yín fẹ́lẹ́. Gbogbo eegun rẹ̀ ló ń gbá ògiri."

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà yẹn. Wọ́n ní ìlú ń dàgbà. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí a kò pọ̀, ẹni kọ̀ọ̀kan ń fi àyè sílẹ̀ fún òkú ẹlòmíràn, láìbéèrè ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn rẹ̀. Ní báyìí a pọ̀, ohùn ara wa ń wọ inú ara wa lórí ibùsùn, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tí wọ́n ń gbé kọjá. "Ẹ sún mọ́ra" tí Bàbá Àgbà máa ń wí ni a ṣe. A sún mọ́ra títí a fi dí ọ̀nà mọ́ ọn. Kò sí ohun tó kù nínú gbogbo rẹ̀ ju ọ̀pá ọparun Bàbá Àgbà, èyí tí mo fi ń kọ́ aṣọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò lọ ra ẹní. Mo kó aṣọ kúrò lórí ọ̀pá náà, mo fi aṣọ tútù nù ún, mo gbé e lé èjìká lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Àgbà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àwọn ènìyàn ń wò mí, mo ń wo ilẹ̀. Àǹtí Dédé, tó ti darúgbó, fa ààrò rẹ̀ sẹ́yìn. Mo dé kọ́nà. Mo yí, orí ọ̀pá sì kan ògiri tuntun. Lásísì dúró sí òdìkejì, irin wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ọ̀pá, ó wò mí.

"Àgò o," ni mo wí. Ohùn mi kò jáde dáadáa, mo tún un wí.

N kò sọ ọ̀pá kalẹ̀. Mo dúró síbẹ̀. Símẹ́ńtì náà kò tíì gbẹ.