Òwú Dúdú Nínú Ìwé Bàbá Wa

Nígbà tí orí mi ò tíì ga dé ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ lára ilẹ̀kùn ilé wa ní Kútọnú níhìn-ín, ìwé kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dá nìkan kà. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ bi mí lánàá pé ìwé wo ni mò ń kà lọ́wọ́, ẹ tún bi mí pé ṣé ó dùn. Mi ò dá yín lóhùn, ẹ sì wo ara yín lójú bí ẹni pé mò ń ṣe fáàrí. Kì í ṣe fáàrí. Ìbéèrè kejì yẹn ló wúwo fún mi. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn rẹ̀ kí wọ́n tó bí yín, n ó wá dáhùn tèmi lẹ́yìn náà.

Ilé alájà kan wà lẹ́yìn àdúgbò Ganhi, ti bàbá Àgùdà kan, ọ̀kan nínú àwọn tí bàbá ńlá wọn ti ilẹ̀ Bùràsíìlì padà wá. Ó ti ṣe akọ̀wé ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan wà níwájú ilé náà tí atẹ́gùn òkun ń gbà kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, bí àwa bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí àwọn Mùsùlùmí àdúgbò náà ti kírun tán, àwọn Nàgó, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níhìn-ín, tí wọ́n mọ̀wé kà, á gbé àpótí ìjókòó wọn wá síbẹ̀. Ìwé ò pọ̀ nígbà náà. Ti Yorùbá máa ń bá ẹrù aṣọ wá láti Èkó, tàbí kí ẹnì kan rí i rà ní Àjàṣẹ́. Ti Faransé ń ti ọwọ́ àwa ọmọ ilé-ìwé wá. Ìwé kan ṣoṣo á máa yí láti ilé dé ilé. Bó bá kàn ọ́, o ó kà á. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, o ó dìde, o ó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti bí o ṣe rí i sí. Ní ilé-ìwé, bí èdè ilé bá já bọ́ lẹ́nu ọmọ, wọ́n á fi pátákó kọ́ ọ lọ́rùn. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, èdè ilé ni wọ́n fi ń dá ìwé Faransé pàápàá lẹ́jọ́. Ẹ ò rí i pé ibẹ̀ á dùn mọ́ mi ju kíláàsì lọ.

Òfin kan wà níbẹ̀, bàbá Àgùdà á sì sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu: "Ẹni tí ojú rẹ̀ ò bá kan ìwé, kí ẹnu rẹ̀ má kan ọ̀rọ̀." Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni ò pè ní òfin, tó sì lágbára ju òfin lọ. Ẹni tó ra ìwé dà bí ẹni tó se oúnjẹ pe àlejò. Ta ni yóò jẹun tán nílé onílé tí yóò wá ní iyọ̀ ò tó? Nítorí náà, gbogbo ìwé ló dára. Ẹni tó bá dìde á ní, "Ìwé yìí kún fún ẹ̀kọ́." Ẹni tó tẹ̀lé e á ní, "Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ pọ̀ púpọ̀." Ẹni tó rà á á máa mi orí bí ẹni tí wọ́n ń kì ní oríkì. Mo ti rí ẹni tó sùn lé ìwé lórí tí etí ìwé fi fa ìlà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, tó dìde pẹ̀lú ìlà náà, tó ní òun ò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá wa kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì ló ń tà ní ọjà etí ọ̀sà, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń tà á títí dòní, kò sì jókòó ní kíláàsì rí. Á tẹ̀lé bàbá wa wá, á jókòó lórí àpótí tirẹ̀ ní orí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ìyàwó àwọn ọkùnrin yòókù, á máa gbọ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń sọ ìtàn ọkùnrin kan tó ta ọkọ̀ ojú omi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó lè bọ́ nínú ẹjọ́, gbogbo wọn sì ń kan sáárá sí i pé ọlọ́gbọ́n ni. Ìyá wa ò mọ ìgbà tó ké láti orí àtẹ̀gùn:

"Ẹ̀gbọ́n yẹn wá ńkọ́? Ṣé orí omi lá máa fẹsẹ̀ rìn ni?"

Télọ̀ kan wà níbẹ̀ tó wá láti Kétu, tó fẹ́ràn àwàdà ju ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ. Ó yíjú sí i. "Ìyá Olówùú, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ojú yín ló kan ìwé ni, àbí etí yín?"

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ hó fún ẹ̀rín. Ìyá wa náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, ó gbé ìkòkò kaná, kò rántí bu omi sí i títí tó fi ń rùn. Ìkòkò náà ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi: "Ojú mi á kan án. Wọ́n á sì gbọ́ ẹnu mi."

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti di olùkọ́, èmi tí mo ṣì ń ṣi lẹ́tà kọ. Bí mo bá ti jáde ní ilé-ìwé, ọjà ni mò ń gbà lọ. Ìdérí páálí òwú ni síléètì wa, èédú ni ẹfun wa. Atẹ́gùn ọ̀sà kì í jẹ́ kí ìwé dúró jẹ́ẹ́, nítorí náà ìyá wa á fi òwú tí wọ́n wé mọ́ igi tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ìlà má bàa dàrú mọ́ ọn lójú, á na fọ́nrán òwú pupa kan sábẹ́ ìlà tó ń kà, á máa fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fa àwọ̀n. Obìnrin Fọ̀n kan tó ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Nàgó, ṣé o fẹ́ di Yovó ni?" Òyìnbó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

"Bí mo bá dà á, ọwọ́ rẹ ni n ó ti kọ́kọ́ gba owó orí!"

Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín títí oníbàárà á fi bínú lọ. Báyìí ni ìgbà òjò méjì ṣe kọjá kí ìyá wa tó lè ka ojú ewé kan dópin láìdúró mí.

Àsìkò yẹn gan-an ni bàbá wa ti Àjàṣẹ́ dé pẹ̀lú ìwé ńlá kan, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, ó nípọn bí búrẹ́dì. Ìtàn Yorùbá ni, nípa ọlọ́rọ̀ kan tí ìyàwó rẹ̀ kú, tó wá ń lọ láti ìlú dé ìlú láti wá ọgbọ́n. Bàbá wa gbé ìwé náà sáyà kiri gbogbo Ganhi. Àwọn kan ti kà á ṣáájú, wọ́n sì ti yìn ín bó ṣe yẹ. Ìyá wa bá ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ jẹ́ kó kàn mí."

Bàbá wa gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́. "Kà á. Ṣùgbọ́n kí o rántí pé ojú mi ló wà lẹ́yìn ìwé yẹn, kì í ṣe páálí."

Ìyá wa bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀ ọ́ lára, á fi òwú funfun síbẹ̀. Ibi tó bá bí i nínú, tàbí tó bá mú un yán, òwú dúdú. Mò ń ṣọ́ ọ. Dúdú. Dúdú. Dúdú. Nígbà tí ọlọ́rọ̀ náà fi máa dé ìlú kẹrin, ìwé bàbá wa ti hu irùngbọ̀n.

Mo ní, "Ìyá mi, ẹ ṣáà sọ pé ó kún fún ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń sọ."

"Ojú ta ló kà á?"

"Ojú yín ni."

"Kí ẹnu ta wá sọ ọ́?"

Ọmọdé bí mo ṣe wà, mo mọ ohun tó wà nílẹ̀. Bó bá ní ìwé ò dára, ojú á ti bàbá wa ní gbangba, wọn ò sì ní jẹ́ kí obìnrin dìde níbẹ̀ mọ́ láé. Bó bá parọ́, a jẹ́ pé gbogbo òjò yẹn rọ̀ dànù.

Ọjọ́ Ìsinmi pé. Bàbá Àgùdà sọ òfin rẹ̀, ó ní ọwọ́ ta ni ìwé wà. Ìyá wa dìde lórí àtẹ̀gùn.

Télọ̀ pariwo. "Háà! Ìyá Olówùú! Ojú yín kan án lónìí?"

"Ó kan án, télọ̀, títí ojú náà fi ń ro mí."

Ó gbé ìwé sókè, òwú dúdú sì ń ṣe jálajàla wálẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bàbá wa ní, "Mo ra ìwé, ìyàwó mi bá mi gbin irun sí i." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi òun fúnra rẹ̀.

Ìyá wa ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú. Ìwé yìí ò dùn."

Ẹ̀yin tèmi, mo gbọ́ ariwo òkun lọ́jọ́ náà láti ibi tí mo jókòó sí.

"Ìyàwó ọkùnrin yìí kú ní ojú ewé kejì. Kò sunkún. Ó di ẹrù, ó lọ. Ó dé ìlú kìn-ín-ní, àgbàlagbà kan ní kó jókòó, ó fún un nímọ̀ràn. Ìlú kejì, ìmọ̀ràn. Ìlú kẹta, ìmọ̀ràn. Kò jẹun, kò wẹ̀, ẹnì kan ò bi í pé ta lo fi sílẹ̀ nílé. Ẹni tó kọ ọ́ gbọ́n, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń tajà, bí mo bá ń gba oníbàárà nímọ̀ràn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, sísá ló máa sá lọ."

Ọ̀kan nínú àwọn tó ti yin ìwé náà fò dìde. "Ó tó! Ìwé ọkọ yín lẹ ń bú yẹn o!"

Bàbá Àgùdà gbé ọwọ́ sókè. "Ojú rẹ̀ kan ìwé, àbí kò kàn án?"

"Ó... ó kàn án, bàbá."

"Ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kan ọ̀rọ̀."

Ìyá wa ní, "Mo ní òwú funfun kan." Ó ṣí i. Ibẹ̀ ni ọlọ́rọ̀ náà ti wọ ọkọ̀ obìnrin kan tó ń tu ènìyàn sọdá odò. Obìnrin náà ò fún un nímọ̀ràn kankan. Ó kàn wo ẹrù rẹ̀, ó bi í pé gèlè ta ni ó fi dì í. Gèlè ìyàwó rẹ̀ tó kú ni. Orí omi níbẹ̀ ni ọkùnrin náà ti sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́, tí obìnrin náà sì ń tukọ̀ lọ, tó ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ìyá wa na òwú pupa rẹ̀ sábẹ́ ìlà, ó kà á sókè. Kò yá lẹ́nu rẹ̀. Ó ń kà á bí ẹni tó ń gba orí òkúta sọdá odò, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan. Nígbà tó parí, télọ̀ ti ṣí fìlà rẹ̀, ó fi nu ojú. Ìyàwó tirẹ̀ ò tíì pé ọdún tó kú.

Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà."

Ó tún un kà. Àwọn kan ti kọjá lórí ojú ewé yẹn ṣáájú rẹ̀, wọ́n sì ti yin gbogbo ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àmọ́ kò sí ẹni tó mọ̀ pé ibẹ̀ wà. Nítorí pé ìyá wa ti sọ èyí tí kò dùn ni a fi gba èyí tó dùn gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá wa wá dìde. Gbogbo ojú yí sí i. Ọwọ́ mi ti wà lórí.

Ó ní, "Èmi ni mo ra ìwé yìí. Kí n má purọ́, mi ò kọjá ìlú kẹta. Oorun ló ń gbé mi. Ká ní mo mọ̀ pé obìnrin ọlọ́kọ̀ yẹn ń bẹ níwájú ni, ǹ bá tiraka."

Ẹ̀rín bú! Ẹnì kan ní, "Èmi, ìlú kejì ni mo sùn sí!" Ẹni tó fò dìde lẹ́ẹ̀kan ti jókòó padà, ó ní, "Ká má tan ara wa, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa yẹn ni mo yìn." Bàbá Àgùdà rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi já bọ́. Nígbà tó rí i he, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá fẹ́ yin ìwé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun, kó fi òwú rẹ̀ han àwọn. Ẹ lè ronú bí òwú ṣe tà lọ́jà ní ọ̀sẹ̀ náà. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ìyá wa gbé àpótí rẹ̀ kúrò lórí àtẹ̀gùn, ó gbé e sáàárín àwọn ọkùnrin. Kò pẹ́ tí àwọn ìyàwó yòókù náà ń wá bi mí pé kí ni wọ́n ń pe lẹ́tà tó rí bí ìkọ́ yìí. Nígbà tí a sì ń lọ sílé lọ́jọ́ tí ìyá wa kàwé náà, bàbá wa ló gbé àpótí ìyá wa lérí, láti Ganhi délé, lójú gbogbo ayé.

Ayé ti yí. Ìwé ń sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ òkun bí ìrẹsì, kálukú ní tirẹ̀, kálukú ń dá a kà, kò sí ẹni tó ń bi aládùúgbò rẹ̀ pé báwo lo ṣe rí i sí. Bàbá Àgùdà ti sùn, àwọn ọmọ rẹ̀ ti fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ṣe ibi ìkẹ́rùsí. Èmi náà fi ilé-ìwé sílẹ̀ láìtọ́jọ́, mo wá iṣẹ́ lọ sí ilé ìtajà kan ní Ganhi. Ó ń dùn mí pé èmi tí mo kọ́ ìyá wa ní lẹ́tà ni mo wá ń kàwé kéré jù nílé yìí. Èyí tó dùn mí jù ni pé, bí ọ̀gá mi bá yá mi ní ìwé, tó sì bi mí bó ṣe rí, mo ti di ẹni tó ń dáhùn pé, "Ó kún fún ẹ̀kọ́, ọ̀gá."

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dá yín lóhùn lánàá. Ó yá, ìwé tí mò ń kà lọ́wọ́ jẹ́ ti Faransé, nípa ọkùnrin kan tó ń tan iná fún àwọn ọkọ̀ létí òkun. Ó gùn jù. Ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ràn ojú ọjọ́ ju ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n ojú ewé kan wà níbi tí ọkùnrin náà ti ń tan iná fún ọkọ̀ kan tó mọ̀ pé ó ti rì, nítorí pé àbúrò rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní àárọ̀ yìí, nítorí ìbéèrè yín, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá mi báyìí gan-an. Ó ṣí àpótí ìwé rẹ̀, ó ní kí n wá fúnra mi yan òmíràn.

Ẹ máa lọ bá ìyá wa lọ́jà. Ẹ ní mo ní kí wọ́n gé òwú fún yín, dúdú àti funfun. Ẹ má gba funfun nìkan o.