Ẹran Ọdún Tí N Kò Jẹ

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì wa ní Òkè-Ògbó ń ríran ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n yan ẹni tí a ó jọ máa gbàdúrà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, a sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún un. Ohun tí èèyàn bá jẹ́wọ́ lánàá, ọ̀gá á sọ ọ́ nínú ìsìn àárọ̀ pé Ẹ̀mí ló fi han òun. Ara fu mi. Ṣé Ẹ̀mí Mímọ́ wá di olófòófó ni?

Mo bá parọ́ fún ẹnìkejì mi nínú àdúrà, kí n lè mọ̀ bóyá òun ló ń ròyìn fún ọ̀gá. Mo ní mo lọ sílé ìyá mi àgbà ní Ìlódè, wọ́n gbé ẹran ọdún ìbílẹ̀ fún mi, mo sì jẹ ẹ́. N kò jẹ nǹkan kan.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọ̀gá dijú. “Ẹnì kan níbí ti jẹ ẹran òrìṣà. Kó jáde wá ronú pìwà dà.”

Mo wo ẹnìkejì mi, ilẹ̀ ló ń wò. Mo fẹ́ dìde kí n tú àṣírí wọn, ni mo gbọ́ ẹkún lẹ́yìn mi. Arábìnrin kan ti ń lọ síwájú, ó ń jẹ́wọ́ pé òun jẹ ẹran òrìṣà. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Nígbẹ̀yìn, ẹnìkejì mi náà dìde, ó lọ kúnlẹ̀ tì wọ́n.

Títí dòní, n kò gba ọ̀gá yẹn gbọ́. Àmọ́ ta ló fi irọ́ yẹn sí mi lẹ́nu?