Eérú Inú Fèrè Idẹ

Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ tó pò mọ́ eérú ni mo fi ń rántí àárọ̀ Mọ́ńdè Àjíǹde. Kí oòrùn tó yọ, àwa ọmọ báńdì ti jókòó yí kànga ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Adó ká, à ń fi kànìnkànìn, eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó fèrè idẹ títí a ó fi rí eyín ara wa nínú wọn. Nídìí abọ́ fífọ̀, ìyá mi máa ń sọ pé, "Inú ìkòkò lọbẹ̀ ń gbé, kì í gbé ẹ̀yìn rẹ̀." Mo rò pé ọ̀rọ̀ abọ́ nìkan ni.

Báńdì náà ti wà kí wọ́n tó bí bàbá mi. Fèrè tí wọ́n fún mi nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìlá, òun náà ti fọn ọ́n rí. Orúkọ rẹ̀ wà lára mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ìṣó họ sí i lára. Òfin wọn kò gùn: ẹni tó bá fọn fèrè náà láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé oríta Fájuyì, láìyà kúrò lórí ìlà, ló lè họ orúkọ tirẹ̀. Kò sí orúkọ obìnrin kankan níbẹ̀.

"Folúkẹ́," Túnjí onílù ńlá wí, "tó o bá dé Fájuyì, màá fi awọ ìlù yìí se pọ̀nmọ́ jẹ!"

Ìyẹn ni mo ṣe bó tèmi ju ti gbogbo wọn lọ. Ó ń kọ mọ̀nà. N kò rántí da omi sínú rẹ̀.

Nígbà tí a tò jáde lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo kọ́kọ́ fọn ọ́n, kò dún. Mo kó gbogbo èémí mi jọ, mo tún fọn ọ́n. Eérú tú jáde bùù, ó bo ẹ̀yìn yunifọ́ọ̀mù funfun Bọ̀dá Kápíteni tó ṣíwájú wa. Ìyá aránṣọ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí títì fi èdè ìlú wa pariwo pé, "Ṣé usu lẹ̀ ń sun nínú fèrè ni?" Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín.

Eérú kún ẹnu mi. Bàbá mi, tíṣà tí kì í sáré, sáré gba ife omi lọ́wọ́ aránṣọ náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá yà gba omi, orúkọ ti bọ́ nìyẹn. Ó mọ̀. Kò pè mí. Ó kàn ń bá mi rìn létí títì, ife lọ́wọ́, omi ń dànù sí ṣòkòtò rẹ̀. Mo fọn fèrè náà dé Fájuyì.

Bọ̀dá Kápíteni yíjú padà. A rò pé yóò gbá mi létí. "Ẹ wá ìṣó fún un," ló wí.

Omi kù díẹ̀ nísàlẹ̀ ife. Mo mu ún tán, mo wá kọjú sí onílù: "Túnjí, pọ̀nmọ́ dà?"

Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe báyìí. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde tó kọjá, mo lọ wo báńdì náà. Ọmọbìnrin kan ló ni fèrè wa báyìí. Orúkọ mi ti wà láàárín àwọn orúkọ mìíràn lára rẹ̀. Ọmọ náà gbé e fún mi. Mo kọ́kọ́ yọjú wo inú rẹ̀. Ó mọ́ tónítóní. Mo fọn ọ́n, èémí mi ò sì gbé mi dé ìdajì orin. Ẹni tó fọn ọ́n dé Fájuyì lọ́jọ́sí ti lágbára jù mí lọ.

"Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́," ọmọ náà wí. Ó gba fèrè, ó sì gbé omi fún mi.