Ojú Fẹlí Lára Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń kọjá lọ ní Àgọ́ Palace nígbà tí òórùn igi ìrókò tí káfíńtà kan ń rẹ́ ta sí mi nímú. Mo dúró sójú kan bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọkàn mi ti padà sí Ìsọlọ̀ àtijọ́, sínú ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún mi.

Bíríkì pupa ni wọ́n fi kọ́ ọ. Fèrèsé rẹ̀ ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, gíláàsì aláwọ̀ mèremère ló wà níbẹ̀. Bí oòrùn àárọ̀ bá ti yọ, orí àwọn bàbá apárí tó jókòó níwájú á pọ́n, á tún dúdú bí aró, àwa ọmọdé á fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pákó mẹ́rìnlá tó wà lára ògiri, tí wọ́n gbẹ́ ìrìn Jésù lọ sí ibi àgbélébùú sí. Bàbá Fẹlí, agbẹ́gilére ará Ìlarò, ló gbẹ́ wọn. Ó wé gèlè fún àwọn obìnrin Jerúsálẹ́mù. Ọmọbìnrin tó di ìró ìyá rẹ̀ mú láàárín wọn, Fẹlí ọmọ rẹ̀ ni, ọ̀rẹ́ mi. Gúgúrú ni mo fi ń tàn án kó lè dúró jẹ́ẹ́ títí bàbá rẹ̀ fi gbẹ́ ojú rẹ̀ tán.

Lọ́dún kejì, ibà mú Fẹlí lọ láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Wọn ò ya fọ́tò rẹ̀ rí. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì àsìkò àwẹ̀ Lẹ́ńtì, bí ìjọ bá ń gbàdúrà láti orí pákó kan dé òmíràn, ìyá rẹ̀ á dúró sí ìkẹjọ, níbi tí ojú ọmọ rẹ̀ wà, kò ní bá wa lọ mọ́.

Nígbà tó yá, owó epo dé. Wọ́n ní àwọn máa fẹ ṣọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn. Wọ́n ra àwòrán tuntun láti òkè òkun dípò àwọn pákó náà, gbogbo wọn funfun báláú. Ìyá Fẹlí kúnlẹ̀ níwájú Fadá.

"Fadá, ẹ máa kó ìyókù lọ. Ẹ fún mi ní ọ̀kan yẹn. Ojú ọmọ mi ló wà níbẹ̀."

Fadá gbà. Àmọ́ nígbà tí a dé ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n kó àwọn pákó àtijọ́ sí, àwọn bíríkìlà ti kan àwọn pákó náà yí irin òpó tuntun ká bí àpótí, wọ́n sì ti da kọnkéré sí i. Ọjọ́ mẹ́ta la fi dúró kó tó le. Nígbà tí wọ́n tú u, sìmẹ́ńtì ti dí ojú Fẹlí, imú rẹ̀ sì ti ṣẹ́.

Bàbá Fẹlí fi ọ̀bẹ ha sìmẹ́ńtì náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó mú èérún igi tó fẹ́ fi ṣe imú mìíràn, ló bá jọwọ́ sílẹ̀.

"Mi ò rántí bí imú rẹ̀ ṣe rí mọ́," ló wí, ló bá bú sẹ́kún.

Ìyá Fẹlí kọjú sí mi. "Ìwọ tẹ́ ẹ jọ ń ṣeré, ṣé imú mi kọ́ ló ní?"

Èmi náà ti gbàgbé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà.

"Tiyín ni, mà."

Ó fọwọ́ kan imú ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì jókòó kí ọkọ rẹ̀ lè máa wò ó gbẹ́.

Àwọn méjèèjì ti lọ bá ọmọ wọn báyìí. Ṣọ́ọ̀ṣì ti tóbi, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ níbẹ̀, àmọ́ àdúrà ọjọ́ Ẹtì ò yí padà, èmi náà sì máa ń pẹ́ ní ìkẹjọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán funfun ló wà níbẹ̀ báyìí. Bí mo bá ti rántí Fẹlí, imú ìyá rẹ̀ ni mo máa ń rí lójú rẹ̀. Bóyá òótọ́ ni mo sọ lọ́jọ́ náà, bóyá irọ́ ni mo pa, kò sẹ́ni tó kù tí mo lè bi.